Ṣé Wọ́n Máa La Àyà Rẹ̀?

Ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n bá ti ní ọkàn ló ń ṣe èèyàn, ìbéèrè kan náà ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹbí: "Ṣé wọ́n máa la àyà rẹ̀?" Bí dókítà bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ìpàdé ẹbí bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹnì kan á rántí wòlíì kan ní Ọ̀bantokò, ẹlòmíì á rántí bàbá alágbo kan ní Láfẹ́nwá, àwọn tó wà lókè òkun á máa pe fóònù lóru. Bí dókítà bá sì ní rárá, pé inú iṣan itan làwọn máa gbà dé ọkàn, gbogbo ilé á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní ó ti bù ṣe. Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí sí i ni mo ń rí i pé ìbéèrè náà kò burú. Ibi tí a ń gbé e sí ni kò dáa. A fi ṣe ìbéèrè àkọ́kọ́ nígbà tó yẹ kó jẹ́ ìkẹrin tàbí ìkarùn-ún.

N kò fi ìbẹ̀rù ọ̀bẹ ṣe yẹ̀yẹ́ o. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń la àyà fún kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ayùn ni wọ́n fi ń la egungun àárín àyà látòkè délẹ̀. Wọ́n á dá ọkàn fúnra rẹ̀ dúró, ẹ̀rọ kan á máa gbé ẹ̀jẹ̀ kiri ara, á sì máa ṣe iṣẹ́ ẹ̀dọ̀fóró títí wọ́n á fi parí, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi wáyà so egungun pọ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ní ọsibítù, oṣù méjì sí mẹ́ta kí egungun tó jinná. Kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ wa: Enugu ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní Nàìjíríà, ní 1974, Magdi Yacoub, oníṣẹ́ abẹ ọkàn, ọmọ Íjíbítì nì, sì wà lára àwọn tó ṣe é. Kò sì yẹ kí ará Abẹ́òkúta máa rò pé òkè òkun nìkan ló kù. Ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, nínú ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, ní ọsibítù Yunifásítì Babcock, wọ́n ń la àyà, wọ́n sì ń gba inú iṣan wọlé pẹ̀lú.

Ẹni tó mú ọ̀rọ̀ yìí wọ ilé wa ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, Àlàájà tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìtòkú. Àdìrẹ ló ń tà ní ọjà Ìtòkú kí wọ́n tó bí mi. Ó ti lé ní ẹni ọdún 75, síbẹ̀ ó máa ń gbé ìdì aṣọ lérí láti ilé rẹ̀ nítòsí Ìkìjà dé ìsọ̀ láì simi. Ó wá di pé ó ń dúró lójú ọ̀nà. Á ṣe bí ẹni tó fẹ́ kí èèyàn: á dúró níwájú ẹlẹ́lùbọ́, á béèrè ọmọ, á béèrè ìyá, á béèrè iye láfún tí kò ní rà. Èémí ló ń wá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń bá a tajà ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé kíkí yẹn ti ń pọ̀ jù. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló gbé ìdì aṣọ kan sókè ní ìsọ̀, tó sì ṣubú lulẹ̀. Ó jí fúnra rẹ̀, ó ní ebi ni.

Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n ní ọjọ́ orí ni. Wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti fítámìn. Kò sẹ́ni tó gbé ohun tí dókítà ń fi sétí lé e láyà. Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, torí pé àìsàn tó ń ṣe é kì í fara pamọ́ fún etí. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ dókítà mìíràn, ọmọbìnrin kékeré kan tí Màmá kọ́kọ́ rò pé nọ́ọ̀sì ni, ọmọ náà gbọ́ àyà rẹ̀, ó gbé e lọ sí ọrùn, ó tún gbọ́ ọ níbẹ̀, ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Mà, ariwo kan wà níbí tí kò yẹ kó wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe echo fún yín."

Fún ẹni tí kò bá tíì rí echo rí, àwòrán ọkàn ni wọ́n fi ń yà: kò ní abẹ́rẹ́, kò ní ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á fi ohun olómi tútù kan pa àyà, wọ́n á máa yí orí ẹ̀rọ náà kiri lórí rẹ̀, ọkàn á sì hàn lójú ẹ̀rọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Màmá wo obìnrin tó ń ṣe é, ó ní, "Ìyá mi, ṣé oyún lẹ ń wá lára mi ni?" Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Àmọ́ èsì tó jáde kì í ṣe ẹ̀rín.

Fáàfù mẹ́rin ló wà nínú ọkàn, bí ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá tí kì í jẹ́ kó padà. Èyí tí wọ́n ń pè ní aortic ló wà lẹ́nu òpó ńlá tó ń kó ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara. Ewé awọ tín-ín-rín mẹ́ta ló ní, wọ́n ń ṣí, wọ́n ń pa dé, ó tó ìgbà 100,000 lójúmọ́. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, tó bá ṣí, ẹnu rẹ̀ máa ń tó sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 3 sí 4. Bí kò bá ti ju 1 lọ, ọ̀rọ̀ ti le. Ti Màmá kò pé 1. Kálísíọ̀mù ti dì mọ́ àwọn ewé náà títí wọ́n fi gan paali. Tó bá jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn ṣì lè fi ipá ti ẹ̀jẹ̀ gba ojú ihò tóóró yẹn. Tó bá gbé ẹrù, ara ń béèrè sí i, ọkàn kò rí i fún un, ọpọlọ kò rí ẹ̀jẹ̀ tó, ó di dídákú. Kò sí oògùn tó ń tú kálísíọ̀mù yẹn. Kò sí àgbo tó ń tú u. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dákú nítorí rẹ̀, tí wọn kò ṣe nǹkan kan sí i, ọdún díẹ̀ ló máa ń kù fún un, kì í pẹ́.

Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Houston ló fi fídíò ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí. TAVI ni wọ́n ń pè é: wọ́n á gba itan gbé fáàfù tuntun lọ sínú ọkàn, láìla àyà, láìdá ọkàn dúró. Gbogbo ẹbí tẹ àmì ọwọ́ àdúrà sí i. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ọkùnrin, tí kì í fẹ́ràn ohun tó bá rọrùn jù, ló béèrè pé ta ló kọ́kọ́ gbà kí wọ́n ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí òun.

Ìbéèrè yẹn ló mú mi lọ kà nípa rẹ̀, ìtàn rẹ̀ sì dùn ju fídíò lọ. Ní 1929, dókítà ọmọ ọdún 25 kan ní Eberswalde ní Jámánì, Werner Forssmann, fẹ́ mọ̀ bóyá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ lè gba inú iṣan ọwọ́ dé ọkàn láìpa èèyàn. Ọ̀gá rẹ̀ kọ̀ fún un. Nọ́ọ̀sì kan, Gerda Ditzen, tí kọ́kọ́rọ́ àwọn irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ní kó ṣe é sí òun lára. Forssmann gbà, ó so obìnrin náà mọ́ tábìlì, ó yí ẹ̀yìn padà, ó sì ki rọ́bà náà bọ apá ara rẹ̀! Ó ti wọlé tán kí obìnrin náà tó mọ̀. Àwọn méjèèjì ló jọ rìn lọ sí yàrá ẹ́ksíréè kí ó lè fi hàn pé orí rọ́bà ti dé ọkàn. Wọ́n lé e níbi iṣẹ́. Ní 1956, wọ́n fún òun àti àwọn méjì mìíràn ní ẹ̀bùn Nobel. Gbogbo ohun tí wọ́n ń fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe nínú ọkàn lónìí, ọ̀nà tí ọkùnrin yẹn là ni wọ́n ń tọ̀.

Ti fáàfù gan-an, Denmark ló ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà Henning Rud Andersen ra wáyà, ó ra ọkàn ẹlẹ́dẹ̀ lọ́wọ́ alápatà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ran fáàfù inú ọkàn ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ wáyà náà, ó fún un pọ̀ mọ́ ara bàlúùnù, ní 1989 ó sì gbé e sínú ẹlẹ́dẹ̀ tó wà láàyè. Ẹlẹ́dẹ̀ náà kò kú. Àwọn ìwé ìròyìn ìṣègùn kọ́kọ́ kọ̀ láti gbé ìròyìn rẹ̀ jáde. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin 2002, ní Rouen ní ilẹ̀ Faransé, dókítà Alain Cribier ṣe é fún èèyàn fún ìgbà àkọ́kọ́: ọkùnrin ẹni ọdún 57 tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ti ní àwọn kò lè fọwọ́ kàn. Ìdáhùn ìbéèrè ẹ̀gbọ́n bàbá mi nìyẹn. Ẹni tí kò ní ọ̀nà mìíràn ló kọ́kọ́ gbà. Ní 2010 ni ìwádìí PARTNER sì fi hàn pé kì í ṣe ìtàn àròsọ: lára àwọn arúgbó tí wọn kò lè la àyà wọn, tí wọ́n fi oògùn tọ́jú, nǹkan bí ìdajì ló kú láàárín ọdún kan, lára àwọn tí wọ́n fi fáàfù sí láti itan, nǹkan bí 31 nínú 100.

Mo ka èyí fún Màmá. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní, "Ọkàn kí lo pè?"

"Ẹlẹ́dẹ̀ ni, mà."

"Tó máa wá wà nínú mi, tí màá máa gbé e kírun?"

Ìpàdé tuntun bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni pé oríṣiríṣi fáàfù ló wà. Nínú àwọn méjì tó gbajúmọ̀ jù, èyí tó ń jẹ́ Sapien, awọ tó bo ọkàn màlúù ni wọ́n fi ń ṣe ewé rẹ̀. Evolut, ti ẹlẹ́dẹ̀ ni. Àáfà rẹ̀ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ní ìyọ̀ǹda tirẹ̀ nínú ẹ̀sìn, pé èyíkéyìí tí dókítà bá ní ló máa gbà á là, kó gbà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Àáfà. Ó ní òun fẹ́ ti màlúù. Ó bọ́ sí i pé èyí tó bá ara rẹ̀ mu náà ni. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ká béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe é kí ọjọ́ tó kò, dípò kí ìyá arúgbó máa gbọ́ ọ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Íńdíà ni àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e lọ, torí ibẹ̀ ni àwọn tí ọmọ rẹ̀ tó wà ní Houston bá sọ̀rọ̀ juwe fún wọn. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí èèyàn mọ ìrora níbi tí itan ti pàdé ikùn, wọ́n gún òpó ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀. Oorun fẹ́ẹ́rẹ́ ló sùn, ó ní òun ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Wáyà tín-ín-rín kọ́kọ́ wọlé, rọ́bà tẹ̀ lé e, ẹ́ksíréè ń fi ọ̀nà hàn wọ́n. Fáàfù náà ti wà ní pípapọ̀ mọ́ ara bàlúùnù bí agbòòrùn tí a pa dé, ó fi lè gba inú òpó tí kò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan. Nígbà tó dé ojú fáàfù tó ti gan, wọ́n fi iná mànàmáná díẹ̀ mú kí ọkàn rẹ̀ sáré. Ìlù 180 sí 200 níṣẹ́jú kan ni wọ́n máa ń gbé e dé. Ọkàn tó bá ń sáré tó báyẹn kì í ti ẹ̀jẹ̀ jáde mọ́, ó kàn ń gbọ̀n, kò sì ní lè ta bàlúùnù nù. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ yẹn, wọ́n fẹ́ bàlúùnù, fáàfù tuntun là, ó tẹ ti àtijọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́, ó sì dúró. Wọ́n tú bàlúùnù, wọ́n dẹ ọkàn sílẹ̀, ọkàn padà sí ìlù tirẹ̀.

Ẹ fi ohun kan sọ́kàn níbí: wọn kì í yọ fáàfù àtijọ́. Kálísíọ̀mù tó sọ ọ́ di aláìwúlò náà ló ń di tuntun mú kó má bàa yẹ̀. Màá padà sọ́dọ̀ ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn tó ń mí kanlẹ̀ nítorí "itan ni" kì í sábà gbọ́ ìyókù. Kí wọ́n tó gba itan, wọ́n á ṣe síkáànù CT láti wọn òpó ẹ̀jẹ̀ láti itan títí dé ọkàn, nítorí fáàfù tó kéré á jò, èyí tó tóbi jù lè ya ọ̀nà. Èérún kálísíọ̀mù lè já, kó gbéra lọ sí ọpọlọ, kó di rọpárọsẹ̀. Iṣan tó ń darí ìlù ọkàn wà nítòsí fáàfù yẹn gan-an, tí fáàfù tuntun bá tẹ̀ ẹ́, àwọn kan máa nílò pacemaker, ẹ̀rọ tí á máa darí ìlù ọkàn. Òpó itan fúnra rẹ̀ lè ṣẹ̀jẹ̀. Èyí ló fà á tí ibi tó bá ń ṣe é dáadáa fi máa ń ní oníṣẹ́ abẹ ọkàn nítòsí tó ti ṣe tán láti la àyà. Ihò kékeré ni o, iṣẹ́ ńlá ni. Ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀: ìlànà àwọn dókítà ọkàn Amẹ́ríkà ti 2020 ní ẹni tí kò tíì pé 65, iṣẹ́ abẹ ni kí wọ́n kọ́kọ́ rò, ẹni tó ti lé ní 80, itan, àwọn tó wà láàárín, bíi Màmá, kí wọ́n jókòó sọ ọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé fáàfù awọ ẹran máa ń gbó, ẹni tó ṣì kéré sì máa nílò òmíràn.

Ti owó, ilẹ̀ kan lọ ní Ọ̀bantokò. Ní Amẹ́ríkà, fáàfù nìkan, kí ẹ tó ka bẹ́ẹ̀dì àti dókítà, ń lọ sí nǹkan bí 30,000 dọ́là. N kò fẹ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí èyí. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ tó máa tà ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀rọ̀ ibẹ̀.

Ìgbà tí Màmá dé, tí ìròyìn sì tàn, ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá bi wá. "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n ti ṣe ti Àlàájà? Àbúrò mi náà ní fáàfù." Ibí yìí ni mo ti fẹ́ jà. Àbúrò wọn kì í ṣe ẹni 75. Ọmọ ọdún 20, 26, 31 ni. Fáàfù tó sì bàjẹ́ lára irú wọn kì í sábà jẹ́ aortic tó gan fún ọjọ́ ogbó. Ibà oríkèé tí wọ́n ń pè ní rheumatic ló bà á jẹ́: ọ̀fun dun ọmọdé, kòkòrò streptococcus ló fà á, wọn kò tọ́jú rẹ̀ tán, ara tó fẹ́ bá kòkòrò jà wá ń bá fáàfù ọkàn jà pẹ̀lú. Ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún lẹ́yìn náà, fáàfù mitral tó wà láàárín yàrá òkè àti yàrá ìsàlẹ̀ ní apá òsì ọkàn á ti lẹ̀ pọ̀ létí. Kò gan bíi ti Màmá. Kò ní kálísíọ̀mù tó lè di fáàfù tuntun mú. Ohun tó wà nínú fídíò tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Houston, tó gba Màmá là, kì í ṣe ti wọn.

Aránṣọ kan wà ní àdúgbò wa ní Adátán. Oyún ló tú àṣírí tirẹ̀. Nínú oyún, ẹ̀jẹ̀ ara máa ń pọ̀ sí i, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì lórí iye tó wà tẹ́lẹ̀. Ọkàn tó ti ń rọ́jú kò lè gbé e. Kò lè sùn sílẹ̀ mọ́, ìjókòó ló fi ń sùn, ó ń wúkọ́ foomu. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní àwọn aráyé ni. Ọlọ́run ṣe é, ó bímọ láyọ̀ lọ́wọ́ àwọn dókítà tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, wọ́n sì rán an lọ síbi tí wọ́n ti máa fi bàlúùnù ṣí fáàfù rẹ̀ tó lẹ̀ pọ̀.

Bàlúùnù yìí kò ní òkìkí TAVI, èmi sì rò pé òun ló yẹ kí a máa pariwo rẹ̀ nílẹ̀ wa. Kanji Inoue, oníṣẹ́ abẹ ọkàn ará Jàpáàn, ló ṣe é. 1984 ni ìròyìn rẹ̀ jáde. Wọ́n á gba iṣan itan dé yàrá ọ̀tún ọkàn, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gígùn kan lu ògiri tó wà láàárín ọ̀tún àti òsì, wọ́n á ti ibẹ̀ bọ́ sí ẹnu fáàfù. Bàlúùnù Inoue kì í wú lẹ́ẹ̀kan náà. Iwájú rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wú, wọ́n á fà á padà kó fi kọ́ ẹnu fáàfù. Ẹ̀yìn á wú tẹ̀ lé e, fáàfù á wà ní ìbàdí rẹ̀. Ìbàdí á wá wú gbẹ̀yìn, ibi tó lẹ̀ pọ̀ á sì já. Wọn kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú ọkàn. Kò sí fáàfù tuntun, kò sí irin, kò sí awọ ẹran kankan.

Ohun tó pa obìnrin náà lẹ́rìn-ín, tó máa ń sọ fún gbogbo oníbàárà, ni bí wọ́n ṣe yan ìwọ̀n rẹ̀. Wọ́n wọn gíga rẹ̀. Ìṣirò kan wà tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: gíga èèyàn ní sẹ̀ǹtímítà, pín in sí 10, kí o fi 10 kún un, ìwọ̀n bàlúùnù ní mìlímítà nìyẹn. Òun ga ní 160, ó já sí 26. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń lo téèpù, òun kò mọ̀ pé wọ́n ń wọn èèyàn fún ọkàn. Fáàfù mitral tó dá, ẹnu rẹ̀ máa ń tó sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 4 sí 6. Tirẹ̀ ti sún mọ́ 1. Ó kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bíi 2. Kò pé, ṣùgbọ́n ó ń sùn sílẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo mitral ni bàlúùnù ń ṣe o. Echo ló máa sọ bóyá ewé fáàfù ṣì rọ̀, bóyá ó ń jò púpọ̀, bóyá ẹ̀jẹ̀ dídì wà nínú yàrá òkè tí rọ́bà lè tì lọ sí ọpọlọ. Tí ó bá ti le jù, tàbí tó ń jò gan-an, lílà àyà ló dáa jù, kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fi fáàfù onírin sí á máa lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, títí ayé, á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò déédéé, kò sì ní lè jẹ ewédú lónìí bí ẹni tí kò rí i rí kó sì pa á tì fún ọ̀sẹ̀ méjì, torí ewé tútù ń dí warfarin lọ́wọ́. Ìwọ̀n kan náà ni kó máa jẹ. Warfarin kò sì dáa fún ọmọ inú oyún. Fún ọmọbìnrin tó ṣì fẹ́ bímọ, èyí wúwo ju àpá àárín àyà lọ. Ohun tó yẹ kí ìyá ọkọ máa béèrè nìyẹn.

Nínú gbogbo fídíò tí mo fi han Màmá lásìkò yẹn, ọ̀kan ṣoṣo ló ní kí n tún gbé sí i. Ní La Paz, ní Bolivia, ìlú tó ga lórí òkè ju mítà 3,600 lọ, ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n ń bí tí ọ̀nà kan tó so òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá méjì pọ̀ nínú oyún kò pa dé lẹ́yìn ìbí, nítorí afẹ́fẹ́ tó wà lókè yẹn fúyẹ́. Dókítà Franz Freudenthal wá ọ̀nà tí wọ́n lè gbà dí i láìla àyà. Wáyà nitinol kan ṣoṣo, láìsí ìsopọ̀, ni wọ́n fi ń hun ìdíhò náà. Nitinol jẹ́ nickel àti titanium, tó bá gba inú rọ́bà kọjá ní fífà gbọọrọ, tó sì bọ́ síta, á padà sí bí wọ́n ṣe hun ún. Àwọn obìnrin ẹ̀yà Aymara níbẹ̀, tí aṣọ híhun ti wà lọ́wọ́ wọn láti ìdí ìyá, ló ń fi ọwọ́ hun ún.

Màmá fa fóònù sún mọ́ ojú. Kò sọ nǹkan kan nípa ìyanu Ọlọ́run, tí mo ti ń retí. Ó ní, "Ta ló ń wò ó lẹ́yìn wọn bóyá ojú kan fò?" Mo ní wọ́n ń yẹ ẹ́ wò. "Èló ni wọ́n ń san fún wọn lórí ọ̀kan?" N kò mọ̀. Ó ní kí n lọ wá a. Ó ní ẹni tó bá ń hun ohun tó ń wọ ọkàn ọmọ ọlọ́mọ kò gbọdọ̀ gba owó aṣọ.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé nínú gbogbo ohun tí mo kà yìí, èyí tó pọ̀ jù nínú ìṣòro àwọn ọ̀dọ́ wa ni kò yẹ kó dé ọ̀dọ̀ rọ́bà tàbí ọ̀bẹ rárá. Pẹnisílíìnì ni. Ọmọ tí ọ̀fun ń dùn tó sì ní ibà, tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n sì fún un ní oògùn tó péye títí yóò fi pé, rheumatic kì í sábà rí i mú. Ẹ lọ sí kẹ́míìsì èyíkéyìí ní Kútọ̀ tàbí Pàńṣẹ́kẹ́, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gé ampiclox méjì méjì fún ìyá ọmọ. Ẹni tó bá sì ti ní rheumatic rí, abẹ́rẹ́ benzathine pẹnisílíìnì lọ́sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló ń dáàbò bo ohun tó kù nínú fáàfù. Abẹ́rẹ́ náà ń dunni. Aránṣọ wa ti fẹ́ fi í sílẹ̀ nítorí ara rẹ̀ ti yá, ọkọ rẹ̀ ló ń gbé e lọ sórí ọ̀kadà lọ́jọ́ tó bá pé. Ní 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìpinnu kalẹ̀ lórí àrùn yìí pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè gbógun tì í. Mi ò tíì rí i kó dé kẹ́míìsì.

Màmá ti padà sí ìsọ̀. Wọ́n ti gba ìdì aṣọ lórí rẹ̀, èyí ni ìjà tó wà láàárín òun àti ọmọ rẹ̀ báyìí. Ó ń lo aspirin, ó sì ń lọ ṣe echo nígbà tí wọ́n bá ní kó wá. Eyín ló tún dá wàhálà sílẹ̀. Eyín rẹ̀ kan ń jẹ ẹ́ níyà, ó fẹ́ kí ẹnì kan tó ń yọ eyín nítòsí ọjà yọ ọ́ fún òun lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A ní rárá. Ẹni tí wọ́n fi fáàfù sí, kòkòrò ẹnu lè gba ojú eyín tí wọ́n yọ wọ inú ẹ̀jẹ̀, kó lọ ba sí fáàfù, ìyẹn sì ń pani. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lo oògùn apakòkòrò kí dókítà eyín tó fọwọ́ kàn án. Dókítà eyín ní òun fẹ́ lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ dókítà ọkàn. Lẹ́tà pẹ́ kó tó dé. Wọ́n fún un lóògùn, ó dúró fún wákàtí kan, wọ́n yọ eyín. Ó wo ìwé owó tí wọ́n fún un, ó ní èyí wọ́n ju yẹtí ìyàwó lọ, ó ní kí wọ́n dá eyín òun padà.